Orúkọ Ẹ̀rọ àti Ìtọ́jú Ohùn: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Giramafóònù àti Àwo Àtijọ́

Ìfáàrà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu púpọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ fún ohun titun ní orúkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ inú àti òde ohun náà. Láàárín àwọn ohun èlò tí ó ti òkè òkun dé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀kan tí ó tètè rí orúkọ gbà ni ẹ̀rọ tí ń kọrin láti inú àwo. Àwọn kan pè é ní giramafóònù, àwọn mìíràn pè é ní ẹ̀rọ ìkọrin; ohun tí a ń gbé lé e lórí sì di àwo tàbí rẹ́kọ́ọ̀dù. Àwọn orúkọ wọ̀nyí tó fún ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ orin kí ó sì jó sí i. Wọn kò tó fún ẹni tí ó fẹ́ tún ẹ̀rọ tí ó ti dákẹ́ ṣe, tàbí ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú àwo tí ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ohùn inú rẹ̀ má baà ṣègbé.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú iṣẹ́ yìí, àìpé orúkọ a máa di àìpé ìtọ́jú. Bí èdè bá ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwo, fún ohun mẹ́rin tí a fi èròjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, olùtọ́jú yóò fi oògùn kan náà nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì fi abẹ́rẹ́ kan náà kọ wọ́n. Ọ̀kan lè yè é, èkejì yóò yọ́, ẹ̀kẹta yóò fá, ẹ̀kẹrin yóò bó. Ohun tí ó sì wà nínú díẹ̀ nínú àwọn àwo bẹ́ẹ̀ ni ohùn àwọn Yorùbá tí a bí ṣáájú kí àkọtọ́ èdè wa tó fìdí múlẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́, ògbufọ̀ àti onímọ̀ èdá-èdè gan-an bí ó ti kan ẹni tí ń kó ẹ̀rọ àtijọ́ jọ.

1. Ẹ̀rọ tí ó mọ ìwé kọ tí kò mọ̀ ọ́n kà

Ní ọdún 1857, ará Faransé kan, Édouard-Léon Scott de Martinville, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ kan tí ó ń fi irun líle ya ìgbì ohùn sí ojú bébà tí wọ́n ti fi èéfín fìtílà pa dúdú. Ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ohùn kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú lè rí i. Kò ṣe ohun kankan tí yóò sọ ìlà náà padà di ohùn. Ẹ̀rọ rẹ̀ mọ ìwé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Ó di ọdún 2008 kí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tó fi kọ̀ǹpútà ka ìlà kan tí ó yà ní oṣù kẹrin ọdún 1860, tí wọ́n sì gbọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú orin àwọn ará Faransé kan.

Ní ìparí ọdún 1877 ni Thomas Edison ṣe èyí tí ó mọ̀ ọ́n kọ tí ó sì mọ̀ ọ́n kà. Ó wé táńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ara irin róbótó kan tí ń yí. Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹ̀rọ náà, ẹnu irin tín-ín-rín kan a tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ara táńganran. Bí irin náà bá tún gba ọ̀nà kan náà kọjá, ọ̀rọ̀ a jáde padà. Ní ọdún 1886, Chichester Bell àti Charles Tainter gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí fífín ohùn sí ara ìda dípò títẹ̀ ẹ́ sí ara táńganran. Ní ọdún 1887, Emile Berliner, ọmọ Jámánì tí ó fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, mú èyí tí ń fín ohùn sí ojú ohun pẹlẹbẹ jáde. Ohun pẹlẹbẹ yìí ni Yorùbá ń pè ní àwo.

Ìtàn kúkúrú yìí fi hàn pé iṣẹ́ méjì ni ó wà níbi tí ọ̀rọ̀ wa kan kì í ti yà wọ́n. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti di orúkọ ẹ̀rọ tí ń lo téèpù, ìgbohùnsílẹ̀ sì dára gẹ́gẹ́ bí orúkọ àgbájọ fún gbogbo ọ̀nà tí a ń gbà pa ohùn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Edison àti ti Berliner kò gba ohùn sílẹ̀ lásán. Wọ́n ń fín in. Ọ̀rọ̀ yìí, fín, ni ti àwọn tí ń fín igbá: irin mímú ń kọjá lójú igbá, ó ń yọ díẹ̀ nínú ara rẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù sì ni ọ̀nà. Nítorí náà, ìfín-ohùn ni ó yẹ kí a pe iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí a sì pe èkejì ní ìsọ-ohùn-padà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí kò ní gbà pé ìkójọpọ̀ ohùn wà láìléwu nígbà tí ẹ̀rọ tí ń sọ ọ́ padà ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní gbàgbé pé irin tí ń sọ ohùn padà lè di irin tí ń fín, bí a bá lò ó ní ìlòkulò.

Orúkọ ẹ̀rọ méjèèjì náà gba àkíyèsí. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fonógíráàfù ni ti Edison, èyí tí ń lo ohun róbótó. Giramafóònù ni ti Berliner, èyí tí ń lo àwo. Ní Amẹ́ríkà, fonógíráàfù ni méjèèjì. Àwòrán ajá tí ó dẹ etí sí ìwo ẹ̀rọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lára àwo, jẹ́ ẹ̀rí sí ìdàrúdàpọ̀ yìí. Fonógíráàfù ni Francis Barraud kọ́kọ́ yà síwájú ajá náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gramophone rà á ní 1899, ó kun ẹ̀rọ ti tẹ́lẹ̀, ó sì ya giramafóònù lé e lórí. Ní ọdún 1910, ilé-ẹjọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ láti jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà sọ ọ̀rọ̀ giramafóònù di ti ara rẹ̀ nìkan, nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Ògbufọ̀ tí ó bá ń túmọ̀ ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ wò ó bóyá àwo ni wọ́n ń wí kí ó tó kọ fonógíráàfù sílẹ̀.

2. Agolo ohùn: ìda tí kì í ṣe ìda

Ohun róbótó tí fonógíráàfù ń lò ní ihò nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn kan lè fẹ́ pè é ní òpó, ṣùgbọ́n òpó kì í ní ihò, òun ni ó sì ń gbé ilé ró. Agolo ni ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i lójú ẹsẹ̀: ó tóbi bí agolo mílíìkì gígùn tí a gé ìdí àti orí rẹ̀ kúrò. Agolo ohùn ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ fún títà lẹ́yìn 1902 ń yí ní ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, poro 100 sì wà nínú ínṣì kan lára èyí tí ń kọ fún ìṣẹ́jú méjì, 200 lára èyí tí ń kọ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Agolo ohùn ṣe pàtàkì fún ẹ̀kọ́ èdè, nítorí pé òun ni àwọn olùwádìí kọ́kọ́ gbé lọ sí oko ìwádìí. Láti 1900 ni Carl Stumpf ti dá ilé ìpamọ́ ohùn sílẹ̀ ní Bẹ̀líìnì. Láàárín 1909 sí 1913, Northcote Thomas fín ohùn àwọn Ẹ̀dó àti àwọn Ìgbò, àwọn aládùúgbò Yorùbá, sí ara agolo. British Library ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà.

Ìda ni a máa ń sọ pé wọ́n fi ṣe agolo wọ̀nyí. Yorùbá mọ ìda dáadáa: ìda ni àwọn asúdẹ fi ń mọ ère kí wọ́n tó bu amọ̀ bò ó, ìda ni a sì ń lẹ̀ mọ́ ojú bàtá. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ agolo aláwọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ìda oyin. Ọ̀rá àti èròjà tí ń jó ara bí omi eérú ni wọ́n sè pọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń se ọṣẹ. Ìbátan ọṣẹ ni. Olùtọ́jú tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ebu fi ń hù sí i lára ní ibi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, bí ilẹ̀ wa. Ibi tí ebu bá sì ti jẹ, ohùn ibẹ̀ ti lọ, kò sì sí oògùn tí yóò dá a padà. A kì í fi ìka kan ojú rẹ̀. Ìka méjì ni a ń kì bọ inú ihò rẹ̀ tí a ó sì yà wọ́n díẹ̀ láti gbé e. Inára ni a ń tò ó sí, kì í ṣe ìbúlẹ̀. Bí a bá ń lo ìda gẹ́gẹ́ bí orúkọ, ó yẹ kí a pè é ní ìda ọlọ́ṣẹ, kí ó má baà ṣi ni lọ́nà.

3. Poro àti abẹ́rẹ́

Bí ènìyàn bá fi awò amúnǹkan-tóbi wo ojú àwo, yóò rí ohun tí ó jọ oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí. Àlàfo tí ó wà láàárín ebè kan sí èkejì ni àgbẹ̀ ń pè ní poro. Ojú àwo náà ní poro kan ṣoṣo, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti etí tí ó sì ń pòyì lọ sí àárín. Kò sí ìdí láti wá orúkọ mìíràn fún un.

Oríṣi poro méjì ni ó wà, ìyàtọ̀ wọn sì ni òkúta ìkọ̀sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ olùkójọ. Nínú agolo ohùn, ìsàlẹ̀ poro ni ó ń ga tí ó sì ń jìn bí ohùn ti ń lọ. Èyí ni a lè pè ní poro gbágungbàgun. Nínú àwo Berliner, jíjìn poro kò yí padà; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀nà oko. Èyí ni poro kọ́lọkọ̀lọ. Gbogbo àwo kọ́ ni poro rẹ̀ jẹ́ kọ́lọkọ̀lọ. Àwọn àwo tí Edison tà láti 1912 títí di 1929, tí wọ́n nípọn tó ìdá mẹ́rin ínṣì, poro gbágungbàgun ni ó wà lójú wọn, dáyámọ́ńdì róbótó sì ni wọ́n fi ń kọ wọ́n. Ẹni tí ó bá gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ lé giramafóònù, tí ó sì fi abẹ́rẹ́ irin lé e, kò ní gbọ́ ohùn kan tí ó dán mọ́rán. Abẹ́rẹ́ irin yóò sì ha ìsàlẹ̀ poro, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ gba àlàyé. Èyí tí ń fín, ẹnu rẹ̀ mú. Èyí tí ń sọ ohùn padà, ẹnu rẹ̀ róbótó. A lè pe àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ afín-ohùn, kí a pe èkejì ní abẹ́rẹ́ atọporo, nítorí pé poro ni ó ń tọ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó wọ́pọ̀ fún giramafóònù, ojú àwo kan ṣoṣo ni ó sì wà fún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ẹ̀tù òkúta pọ̀ mọ́ èròjà àwo kí ó lè lọ abẹ́rẹ́ títí yóò fi bá poro mu. Abẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ó jẹ, kì í ṣe àwo. Ẹni tí ó bá fi abẹ́rẹ́ kan kọ àwo mẹ́wàá ti sọ atọporo di afín-ohùn, ariwo ni ó sì ń fín lé orin.

Ìwọ̀n náà yàtọ̀. Ẹnu abẹ́rẹ́ fún àwo àtijọ́ fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì kan. Ti ẹ́lípíì, tí ó jáde ní 1948, jẹ́ nǹkan bí ìdá kan. Bí a bá fi ti ẹ́lípíì kọ àwo àtijọ́, abẹ́rẹ́ yóò jìn sí ìsàlẹ̀ poro níbi tí ìdọ̀tí wà, ariwo ni yóò sì máa kó. Bí a bá sì gbé ẹ́lípíì lé giramafóònù ọlọ́wọ́-yíyí, orí tí ó lè wúwo ju 100 gíráàmù lọ ni a gbé lé poro tí wọ́n ṣe fún gíráàmù díẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tó láti ba irú àwo bẹ́ẹ̀ jẹ́.

4. Èròjà àwo

Ẹyin ni ohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohun tí àwọn àgbà wí nípa ọ̀rọ̀ ẹnu ti di òtítọ́ gidi nípa àwo tí a ń pè ní 78, nítorí pé èròjà rẹ̀ kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ni ó ń ṣẹ́. Ṣẹ́láàkì ni orúkọ ohun tí ó so ó pọ̀. Kòkòrò kan tí ń gbé ara igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni ó ń pọ̀ ọ́n jáde; wọ́n a há a kúrò lára ẹ̀ka, wọ́n a yọ́ ọ. Ìyókù inú àwo, tí ó pọ̀ ju ṣẹ́láàkì lọ, jẹ́ ẹ̀tù òkúta àti èédú. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ti jẹ́ èròjà àwo. Ní ilẹ̀ wa, irú àwo yìí wà lọ́jà títí wọ àwọn ọdún 1960.

Ọtí líle ni a fi ń yọ́ ṣẹ́láàkì. Àwọn káfíńtà tí ń fi í kun àga mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, ọtí líle wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ń tà fún nínu ẹ́lípíì, nítorí pé fáínìlì tí wọ́n fi ṣe ẹ́lípíì kò bẹ̀rù rẹ̀. Níhìn-ín ni àìsí ìyàtọ̀ orúkọ ti ń pa ohùn: ẹni tí ó ka “oògùn ìnu àwo” lára ìgò, tí ó sì dà á sójú àwo ṣẹ́láàkì, yóò rí poro tí ń yọ́ lójú rẹ̀. Omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí ń tọ poro lọ, ni ó yẹ ẹ́; bébà àárín rẹ̀ kò gbọdọ̀ tutù, nítorí pé orúkọ akọrin àti nọ́ńbà àwo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó nù ún gbẹ láìpẹ́.

Àwo Edison tí a mẹ́nu kàn kò gbọdọ̀ rí omi rárá, nítorí pé ẹ̀tù igi wà nínú rẹ̀, ó ń mu omi, ojú rẹ̀ a sì là. Oríṣi kẹrin ni àwo láákà, tí àwọn olùwádìí àti ilé-iṣẹ́ rédíò lò ní àwọn ọdún 1930 àti 1940 láti fín ohùn lójú ẹsẹ̀. Pẹlẹbẹ irin ni inú rẹ̀. Láákà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó bò ó. Wọ́n máa ń fi òróró lárà rọ láákà náà. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, òróró a sá kúrò, ẹ̀tù funfun a yọ sójú àwo, láákà a súnkì, a sì bó kúrò lára irin bí èèpo. Irú àwo yìí kì í sábà ní ẹ̀dà kejì. Òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dojú kọ nínú ìkójọpọ̀ èyíkéyìí.

Ogun pẹ̀lú dín àwo kù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ṣẹ́láàkì wọ́n, wọ́n sì ń gba àwo àtijọ́ lọ́wọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ̀ wọ́n ṣe titun. Àwo tí ó kù lónìí jẹ́ èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọlọ.

5. Ara ẹ̀rọ

Ní ti ẹ̀rọ, àwọn orúkọ tí ó yẹ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwo ni ìwo. Àtẹ ayípo ni ibi tí àwo jókòó lé. Ohun kékeré róbótó tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ ni ó ń fa ìjà. Bí a bá túmọ̀ orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ẹyọ-ẹyọ, àpótí ohùn ni yóò dé, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò sì rò pé gbogbo ẹ̀rọ tàbí gògóńgò ènìyàn ni a ń wí. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni máíkà fẹ́lẹ́ tí ń gbọ̀n bí awọ ìlù. Ojú-ìlù ni ó yẹ kí a pe máíkà náà, kí a sì pe ilé rẹ̀ ní ilé ojú-ìlù. Rọ́bà méjì ni ó ń di ojú-ìlù mú. Bí rọ́bà náà bá gan, ohùn a máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́; olùtúnṣe a yọ ọ́, a fi titun sí i, a sì dì í kí ó má le jù, kí ó má dẹ̀ jù, bí onílù ti ń fa ọṣán.

Sípíríǹgì tí a ká sínú agolo irin ni agbára ẹ̀rọ. Gíríìsì tí ó ní ẹ̀tù dúdú irú ti inú pẹ́ńsúlù ni wọ́n fi pa á. Bí gíríìsì náà bá gan, sípíríǹgì a máa lẹ̀, a sì máa já fò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ a sì ta gìrì. A kì í ṣí agolo sípíríǹgì bí agbára bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ó lè gé ọwọ́ ènìyàn.

Ohun tí ń mú ìyára dọ́gba ni Gẹ̀ẹ́sì fún ní orúkọ kan náà pẹ̀lú gómìnà. Gómìnà kò bá a mu ní Yorùbá. Òjé kéékèèké mẹ́ta ni, tí sípíríǹgì pẹlẹbẹ so mọ́ igi tí ń yí; bí ìyára bá pọ̀, òjé a fò sóde, a sì fa irin pẹlẹbẹ kan lọ gbá awọ tí yóò dín ìyára kù. Iṣẹ́ ẹni tí ó mú okùn ẹṣin lọ́wọ́ ni ó ń ṣe, nítorí náà ìjánu ìyára ni orúkọ rẹ̀. Búréèkì yóò jẹ́ ti ohun tí ń dá àtẹ dúró pátápátá. Bí sípíríǹgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba, ohùn a máa ga a máa sọ̀ kalẹ̀. Nínú èdè mìíràn, orin nìkan ni èyí ń bàjẹ́. Nínú èdè Yorùbá, ó ń da ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ rú, ọ̀rọ̀ a sì lè yí padà létí olùgbọ́.

Nǹkan méjì ni ó yẹ kí olùkójọ ṣọ́ra fún. Èkínní, irin àdàpọ̀ olósíńkì tí wọ́n fi rọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1920 a máa wú, a sì máa là fúnra rẹ̀. A kì í jó o pọ̀, rírọ òmíràn ni. Èkejì, àwọn ẹ̀rọ oníwo idẹ tí ń dán gbinrin, tí wọ́n ṣe ní ẹnu àìpẹ́ yìí tí wọ́n sì lẹ àwòrán ajá mọ́, pọ̀ lọ́jà. Ẹ̀rọ tí ó gbó nítòótọ́ kì í dán bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí olùtúnṣe fi agbára mú un dán; ọ̀dà àti àmì tí ó wà lára rẹ̀ jẹ́ apá kan nínú ìtàn rẹ̀.

6. Ohùn Yorùbá nínú àwo

Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní 1855, kọ àwọn orin Yorùbá sínú àwo fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni nǹkan bí ogún ọdún ni nígbà tí ìpàdé lórí àkọtọ́ Yorùbá wáyé ní Èkó ní 1875. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ kan náà gba orin Domingo Justus, onígìtá ará Èkó. Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1930, Túndé King kọ orin jùjú sínú àwo. Ní Bàhíà, ní 1940 sí 1941, Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, gba ohùn Martiniano Eliseu do Bonfim, tí a bí ní Salvador ní 1859, tí ó sì gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìgbà èwe rẹ̀. Àkójọ Turner wà ní Yunifásítì Indiana. Ìwé lè sọ ohun tí ìran wọ̀nyí kọ. Àwo nìkan ni ó lè sọ bí ó ti dún lẹ́nu wọn.

Ṣùgbọ́n onímọ̀ èdá-èdè gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀rọ kí ó tó gba ẹ̀rí àwo. Ṣáájú 1925, kò sí iná mànàmáná nínú ìfín-ohùn. Akọrin a ki orí bọ ẹnu ìwo, agbára ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́. Ohun tí ó ga ju nǹkan bí ìgbì 2,500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò sábà wọlé. Kọ́ńsónáǹtì s sì rèé, òkè 4,000 ni agbára rẹ̀ pọ̀ sí jù. Nítorí náà, olùwádìí tí ó gbọ́ àwo 1922, tí kò sì rí ìyàtọ̀ gbọ́ láàárín s àti ṣ, kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀ka-èdè akọrin kò yà wọ́n. Ìwo ni kò gbà wọ́n wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyára. Orúkọ náà, 78, ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ àwo ìgbà ìwo ni wọn kò fín ní ìyípo 78 láàárín ìṣẹ́jú kan; òmíràn sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ 70, òmíràn kọjá 80. Bí a bá fín àwo ní 72 tí a sì kọ ọ́ ní 78, gíga ohùn yóò lé ní ìdá kan nínú méjìlá, ọ̀rọ̀ yóò sì yára ní ìwọ̀n kan náà. Olùgbọ́ yóò ṣì mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀, nítorí pé ìbáradọ́gba wọn kò yí padà. Ẹni tí ó bá ń wọn gíga ohùn, ìyára ọ̀rọ̀, tàbí bí fáwẹ̀lì ti rí, ẹ̀rọ ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ènìyàn. Àwọn ará Bẹ̀líìnì mọ èyí. Wọ́n a kọ́kọ́ fọn fèrè kékeré kan tí gíga ohùn rẹ̀ ti di mímọ̀ sínú agolo, kí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀la lè fi í tún ìyára ṣe. Níbi tí fèrè kò bá sí, ohun èlò orin tí ó bá akọrin lọ, bíi dùùrù tí ìwọ̀n ohùn rẹ̀ kò yí padà, lè ṣe iṣẹ́ náà.

Àwo tí ó ti fọ́ pàápàá kò dákẹ́ tán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn onímọ̀ ní Lawrence Berkeley National Laboratory, tí Carl Haber jẹ́ aṣáájú wọn, ti ṣe ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán poro, tí kọ̀ǹpútà sì ń ka àwòrán náà di ohùn láìsí abẹ́rẹ́. Nítorí náà, a kì í da àfọ́kù nù, a kì í sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. A ń tò ó sínú páálí, pẹlẹbẹ, láìjẹ́ kí etí rẹ̀ gbo ara wọn.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Abẹ́rẹ́ afín-ohùn: ohun ẹlẹ́nu mímú tí ń ya poro sí ojú àwo tàbí agolo.
Abẹ́rẹ́ atọporo: ohun ẹlẹ́nu róbótó tí ń tọ poro láti sọ ohùn padà.
Agolo ohùn: ohun róbótó oníhò tí fonógíráàfù ń lò.
Àwo fáínìlì: àwo tí ó lè tẹ̀ díẹ̀, irú ti ẹ́lípíì.
Àwo láákà: pẹlẹbẹ irin tí a fi láákà bò, tí a ń fín ohùn sí lójú ẹsẹ̀.
Àwo ṣẹ́láàkì: àwo líle tí ń ṣẹ́, tí a sábà ń pè ní 78.
Ìfín-ohùn: yíya ìgbì ohùn sí ara ohun líle.
Ìjánu ìyára: òjé mẹ́ta àti sípíríǹgì wọn tí ń mú ìyára ẹ̀rọ dọ́gba.
Ìsọ-ohùn-padà: mímú kí ohun tí a fín di ohùn.
Ojú-ìlù: máíkà tàbí irin fẹ́lẹ́ tí ń gbọ̀n nínú ilé rẹ̀.
Poro gbágungbàgun: poro tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ga tí ó sì ń jìn.
Poro kọ́lọkọ̀lọ: poro tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì.

Ìkádìí

Ìlànà tí ó wà lẹ́yìn àkójọ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Níbi tí iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó jọ ọ́, lọ́dọ̀ àgbẹ̀, onílù, afíngbá tàbí ẹlẹ́ṣin, ọ̀rọ̀ náà ni a mú. Níbi tí ó bá jẹ́ orúkọ èròjà tí kò sí ní ilẹ̀ wa, bíi ṣẹ́láàkì àti máíkà, a yá a, a sì fi ohùn Yorùbá kọ ọ́. A kò túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ-ẹyọ, nítorí pé ohun ni ọ̀rọ̀-ìperí ń júwe.

Olùkọ́ lè dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò ní kíláàsì pẹ̀lú àwo kan ṣoṣo àti awò amúnǹkan-tóbi. Ògbufọ̀ lè dán wọn wò nínú ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn ilé ìpamọ́. Èyí tí kò bá wọ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn àwo ní tiwọn kò ní dúró de ìfẹnukò wa. Ooru ń jẹ láákà, ebu ń jẹ ìda ọlọ́ṣẹ, ohun tí wọ́n ń jẹ náà sì ni Yorùbá tí ó ti ẹnu àwọn tí a bí ní àwọn ọdún 1850 jáde. Bí olùtọ́jú kan bá ka ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́láàkì lára páálí lónìí, tí ó sì gbé ìgò ọtí líle sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀-ìperí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.